Gìtá Tó Ń Fọhùn: Àwo Orin "Chapter One" ti Ẹgbẹ́ BLO (1973) Nínú Kíláàsì Èdè Yorùbá

Ìfáárà

Ní ọdún 1973, ilé-iṣẹ́ EMI ní Nàìjíríà gbé àwo orin gbọọrọ kan jáde. Ọ̀dọ́kùnrin mẹ́ta ni ẹgbẹ́ tó kọ ọ́: Berkley Jones tí ó ń ta gìtá, Laolu Akintobi tí àwọn ènìyàn mọ̀ sí Laolu Akins tí ó ń lu ìlù jáàsì, àti Mike Gbenga Odumosu tí ó di gìtá béèsì mú. BLO ni orúkọ ẹgbẹ́ wọn, láti inú lẹ́tà àkọ́kọ́ Berkley, Laolu àti Odumosu. "Chapter One" ni wọ́n pe àwo náà, bí ẹni tí ó ń kọ ìwé tí ó sì ti mọ̀ pé orí kejì ń bọ̀. Orí kejì náà dé lóòótọ́ ní 1975. Phase II ni wọ́n pè é.

Ẹni tí ó bá rí àkòrí yìí nínú ètò àpérò wa lè béèrè pé kí ni orin rọ́ọ̀kì ń wá ní ẹ̀ka èdè Yorùbá. Ìbéèrè náà tọ́. Gẹ̀ẹ́sì ni orúkọ àwọn orin náà, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi kọ wọ́n. Orin rọ́ọ̀kì fúnra rẹ̀, pàápàá irú èyí tí wọ́n ń pè ní psychedelic, kì í ṣe ohun tí a jogún lọ́dọ̀ Odùduwà. Ṣùgbọ́n bí a bá ní ohun tí a fi èdè Yorùbá sọ nìkan ni ẹ̀ka èdè Yorùbá gbọ́dọ̀ fetí sí, a ó pàdánù ọ̀nà kan tí ó rọrùn láti fi kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní ohun tí ó máa ń ṣòro fún wọn jù, èyíinì ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohùn àti fáwẹ̀lì. A ó sì tún pàdánù ìbéèrè tí kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ fún olùkọ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú elédè púpọ̀ bíi Jos: kí ló ń sọ iṣẹ́ ọnà kan di ti Yorùbá?

Irú orin wo nìyí?

Láti inú èdè Gíríìkì ni wọ́n ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà, psychedelic. Dókítà ọpọlọ kan, Humphry Osmond, ni ó ṣẹ̀dá rẹ̀ ní àárín ọdún 1950 sí 1960. Ìtumọ̀ rẹ̀ sún mọ́ "ohun tí ń fi ọkàn hàn." Ọ̀rọ̀ oògùn tí ń yí ojú àti etí padà ni ó ń sọ. Nígbà tí ó fi máa di 1966 sí 1967, ọ̀rọ̀ náà ti kúrò lórí oògùn, ó ti bọ́ sórí orin tí àwọn ọ̀dọ́ ń kọ ní Amẹ́ríkà àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ oògùn yìí lè mú kí olùkọ́ tí ó ń tọ́ ọmọ ọlọ́mọ fà sẹ́yìn, kò sì yẹ kí a bò ó mọ́lẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni ìró, ìró kò sì ní kí ẹnikẹ́ni mu ohunkóhun.

Ìró náà ní àwọn àmì tí a fi ń dá a mọ̀. Orin máa ń gùn, ó lè kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Gìtá béèsì lè máa tún gbólóhùn kan ṣoṣo pè bí ẹni tí ń ka ìlẹ̀kẹ̀. Ohùn ènìyàn a máa ti ọ̀nà jíjìn wá, bí ẹni tí ń pè wá láti inú kànga. Èyí tí ó sì ṣe pàtàkì jù ni pé wọn kì í jẹ́ kí gìtá dún bíi gìtá. Wọn a máa gba ìró rẹ̀ kọjá nínú àwọn ẹ̀rọ kéékèèké tí olórin ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀, kí ó tó dé inú ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ọ̀kan, tí wọ́n ń pè ní fuzz, a máa ti ìró náà títí yóò fi pọ̀ ju ohun tí ẹ̀rọ lè gbé lọ. Orí ìró a gé, ó sì di ìró tí ó há, tí ó ń kùn bí agbọ́n. Èkejì ni wah-wah, tí ó bọ́ sọ́jà ní 1967. A óò padà sórí rẹ̀ láìpẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé òyìnbó ni ó kọ́kọ́ fẹ́ràn ìró tí kò mọ́ tónítóní. Kí ni ṣaworo ń ṣe létí ìyá ìlù dùndún? Ìró ìlù mọ́ lọ́tọ̀ láìsí i. A mọ̀ọ́mọ̀ so ó mọ́ ọn kí ìró lè ní èérún lára ni. Ohùn tí Egúngún fi ń sọ̀rọ̀ náà ńkọ́? Ẹni tí ó wà nínú agọ̀ lè sọ̀rọ̀ bí a ti ń sọ ọ́ nínú ilé. Ó yí ohùn rẹ̀ padà, ó mú kí ó há kí ó sì wúwo, kí àwa tí a ń gbọ́ lè mọ̀ pé kì í ṣe ará ayé ló ń fọhùn. Iṣẹ́ kan náà ni fuzz ń ṣe fún gìtá. Mi ò sọ pé ọ̀dọ̀ Egúngún ni Berkley Jones ti kọ́ ọ o. Ohun tí mo ń sọ ni pé etí tí ó ti gbọ́ Egúngún rí kò ní gba ìró yìí ní àjèjì.

Bí wọ́n ṣe dé ibẹ̀

Nígbà tí BLO ṣe àwo yìí, kò tíì pé ọdún mẹ́rin tí ogun abẹ́lé parí ní oṣù kìíní ọdún 1970. Kí ogun tó bẹ̀rẹ̀ ni Geraldo Pino, ará Sàró, ti gbé orin sóòlù ti àwọn aláwọ̀dúdú Amẹ́ríkà wọ Èkó, ó sì mi àwọn eléré háíláìfù jìgìjìgì. Jones àti Akins wà nínú ẹgbẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Clusters nígbà náà. Lẹ́yìn èyí ni Afrocollection, níbi tí àwọn ìbejì obìnrin nì, Taiwo àti Kehinde Lijadu, ti bá wọn kọrin. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà títí Ginger Baker fi dé. Òun ni onílù ẹgbẹ́ Cream, ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́ta tí ó lókìkí ní Ìlú Ọba. Ó wá sí Èkó nítorí ìlù wa, ó kọ́ sítúdíò sí Ìkejà, ó sì kó àwọn ọ̀dọ́ Èkó jọ sínú ẹgbẹ́ Salt ní 1972. Jones àti Akins wà lára wọn. Nígbà tí Salt tú ká ni BLO fẹsẹ̀ múlẹ̀.

Ìtàn yìí ni àwọn kan gbá mú tí wọ́n fi ń sọ pé ọmọ ẹ̀yìn òyìnbó ni BLO. N kò rò bẹ́ẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ yìí ti ń ṣeré kí Baker tó rí Èkó. Ohun tí ó sì gbé Baker wá gan-an ni onílù Yorùbá ní lọ́wọ́. Ọjà ni wọ́n ń ná, tọ̀tún tòsì ni ó sì ń mú nǹkan wá sọ́jà.

Wọn kò dá wà nídìí iṣẹ́ náà. Ní ọdún 1973 yìí kan náà, ẹgbẹ́ Monomono tí Joni Haastrup ń darí gbé àwo tiwọn jáde. Mọ̀nàmọ́ná wa ni orúkọ yẹn, bí wọn kò tilẹ̀ fi àmì sí i. Ẹgbẹ́ Ofege náà ṣe Try and Love, akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé St. Gregory's ní Èkó sì ni wọ́n, ọmọ tí ó ṣì ń wọ aṣọ ilé-ìwé. Ẹ jẹ́ kí àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ ronú lórí èyí díẹ̀. Àwọn ọmọ kíláàsì kan lè jókòó nínú ọgbà ilé-ìwé kí wọ́n kọ orin tí ayé ṣì ń rà lẹ́yìn àádọ́ta ọdún. Ó dá mi lójú pé kì í ṣe ìdánwò ló kọ́ wọn.

Gìtá tó ń pe fáwẹ̀lì

Mo ṣèlérí pé a ó padà sórí wah-wah. Ẹ gbé ẹnu yín sí ipò tí a fi ń pe [u], kí ẹ máa gbóhùn jáde láìdánu dúró, kí ẹ wá máa la ẹnu díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di [a]. Ohùn yín kò lọ sókè, kò wá sílẹ̀. Ìró ni ó yí padà, nítorí pé ihò ẹnu ti yí padà, ó sì ń gbé apá kan ìró ga ju apá kejì lọ. Ohun tí wah-wah ń ṣe nìyẹn. Bí ẹsẹ̀ olórin ti ń tẹ̀ ẹ́ síwájú sẹ́yìn, ẹ̀rọ náà ń yan apá ìró tí yóò jáde ketekete. Òkùn gìtá kan náà, ní ohùn kan náà, á máa pe [u], á máa pe [a]. Orúkọ rẹ̀ gan-an ti sọ ọ́: wá-wá. Gìtá náà ní ẹnu.

Ẹ wá gbé dùndún lé ọ̀wọ́ kejì. Onílù ń fún ọṣán pọ̀, ó ń dẹ̀ ẹ́. Ohùn ń lọ sókè, ó ń wá sísàlẹ̀, ó ń wà láàrin. Dùndún mọ ohùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta èdè Yorùbá, ó tilẹ̀ mọ bí ohùn kan ṣe ń yọ́ wọ inú òmíràn. Ṣùgbọ́n kò mọ [a] yàtọ̀ sí [i]. Ìdí nìyí tí ìlù fi lè pa òwe kan tí olówe méjì yóò túmọ̀ sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, tí ìjà á sì dé. Dùndún ń sọ ohùn láìní fáwẹ̀lì. Gìtá tí a fi wah-wah tẹ̀ ń pe fáwẹ̀lì láìka ohùn sí. Bí a bá pa méjèèjì pọ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ di ẹnu ènìyàn kan. Kọ́ńsónáǹtì nìkan ló kù.

Àkẹ́kọ̀ọ́ NCE tí ó bá ti gbọ́ èyí pẹ̀lú etí rẹ̀ kò tún ní kọ ọ́ sínú ìwé ìdánwò pé "ohùn ni ìró fáwẹ̀lì tí ó lọ sókè." A ti ń ka irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ láti ọdún mọ́dún. Kì í ṣe ọ̀lẹ ló fà á. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì gbọ́ ohùn àti fáwẹ̀lì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ rí ni, nítorí pé ẹnu wa a máa gbé méjèèjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Orin àkọ́kọ́ nínú àwo náà, "Preacher Man," tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí wọn kò fi Yorùbá kọ ọ́?

Ẹni tí ó bá fẹ́ kọrin ní Yorùbá kò ní òmìnira lórí ohùn orin rẹ̀. Èdè ti gba apá kan òmìnira náà lọ. Ọkọ́ tí a fi ń roko, ọkọ tí ó fẹ́ ìyàwó, ọkọ̀ tí a wọ̀ lọ sí Bukuru, ọ̀kọ̀ tí ọdẹ gbé dání: bí orin bá gbé ìlà kan gba ọ̀nà tí kò tọ́, ọkọ ìyàwó lè di ohun èlò oko. Thomas Ekundayo Phillips, tí ó tẹ dùùrù ní kàtídírà Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, tẹ ìwé jáde lórí orin Yorùbá ní 1953, ọ̀rọ̀ bí orin ṣe yẹ kí ó tẹ̀lé ohùn èdè sì wà lára ohun tí ó jẹ ẹ́ lógún. Àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ túmọ̀ orin ìyìn òyìnbó sí Yorùbá gbé ọ̀rọ̀ wa lé ohùn orin Gẹ̀ẹ́sì lórí, àwọn ìjọ sì kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ láìbìkítà ohun tí ó ń sọ.

Gìtá rọ́ọ̀kì fẹ́ràn láti fa ọ̀rọ̀ kan gùn, kí ó gbé e lọ sókè, kí ó yí i ká, kí ó sì jù ú sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì gbà á láyè, nítorí ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í yí ìtumọ̀ padà bí ohùn rẹ̀ bá lọ sókè. Ní ojú tèmi, èyí wà lára ohun tí ó mú kí Gẹ̀ẹ́sì rọrùn fún àwọn ọ̀dọ́ wọ̀nyí, ju ìtìjú èdè abínibí tí a sábà máa ń fẹ̀sùn rẹ̀ kan ìran náà lọ. Ìdí mìíràn wà pẹ̀lú. Lẹ́yìn ogun, ẹni tí ó ń ra rẹ́kọ́ọ̀dù lè jẹ́ ará Aba, ó lè jẹ́ ará Kàdúná. Àwa tí a ń gbé Nasarawa Gwong mọ èyí dáadáa. Ilẹ̀ Anaguta ni a wà. Berom àti Afizere ń bẹ nítòsí. Hausa ni a fi ń ná ọjà. Yorùbá àti Ìgbò wà nínú ilé àti ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí gbogbo ilé tí ó wà ní òpópónà kan jó lẹ́ẹ̀kan náà, yóò ronú lórí èdè tí yóò fi kọrin.

Síbẹ̀, ọ̀nà kan ṣoṣo kọ́ nìyẹn. Ní ìlú Jos yìí gan-an, ní nǹkan bí ìgbà kan náà, ẹgbẹ́ Sahara All Stars of Jos kọ orin kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ "Feso Jaiye." Fẹ̀sọ̀ jayé: Yorùbá pọ́ńbélé, láti orí òkè Plateau. Bí ẹ bá gbé orin yìí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti BLO nínú kíláàsì, ẹ ó ní àwọn ará Èkó tí wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin àti ẹgbẹ́ Jos tí ó ń fi Yorùbá kọrin, ẹ ó sì rí i pé máàpù ilẹ̀ àti máàpù èdè kì í fìgbà gbogbo bára wọn mu. N kò mọ àríyànjiyàn kíláàsì kan tí ó dára ju èyí lọ.

Ìyá Ilẹ̀

Orin kan wà nínú àwo náà tí ó gùn, tí ó sì ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́: "Chant to Mother Earth." Àwọn òyìnbó tí wọ́n ń ra àwo yìí lónìí fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, wọ́n sì sábà máa ń gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ Kalifóníà tí wọ́n fi òdòdó há irun. Ó ṣeé ṣe kí èyí wà níbẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ Èkó náà ń gbọ́ rédíò, wọ́n ń ka ìwé ìròyìn. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá tí ó bá gbọ́ "Ìyá Ilẹ̀" ní nǹkan mìíràn lẹ́yìn etí. Nígbà tí ènìyàn méjì bá dá májẹ̀mú, a ní wọ́n mulẹ̀. Ẹni tí ó bá yẹ̀ ẹ́ ti dalẹ̀, ọ̀dàlẹ̀ ni. Ẹni bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tiwa ń gbọ́, ó sì ń dájọ́. Kì í ṣe òdòdó nìkan ló ń hù jáde níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú àkọlé náà tún fún wa níṣẹ́. Àwọn onímọ̀ lítíréṣọ̀ alohùn wa, bíi Olatunde Olatunji nínú ìwé rẹ̀ ti 1984, ti jẹ́ kí a mọ̀ pé a kì í fi ọ̀nà kan náà gbé gbogbo ewì jáde: a ń sọ òmíràn bí ọ̀rọ̀, a ń sun òmíràn bí ìjálá tàbí rárà, a sì ń kọ òmíràn lórin. Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ orin BLO yìí lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n sọ ibi tí wọn yóò fi í sí, kí wọ́n sì gbèjà ìdáhùn wọn. Orúkọ tí olórin sọ ọ́ kò ní kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tí àwo náà gbà lọ

Ẹgbẹ́ BLO bá a lọ títí wọ ọdún 1980 sí 1982, orin wọn sì ń yí padà sí fọ́ńkì àti dísíkò. Ní tèmi, kò sí èyí tí ó tó àwo àkọ́kọ́. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu jù ni iṣẹ́ tí Laolu Akins ṣe lẹ́yìn náà. Òun ni ó darí àwo "Ace" ti Shina Peters ní sítúdíò ní 1989, àwo tí ó gbé Afro-Júújù wọ gbogbo ilé. Ẹni tí ó bá ń wá ibi tí rọ́ọ̀kì ti dé inú orin Yorùbá kó wá a níbẹ̀: ọwọ́ tí ó lu ìlù nínú "Chapter One" ni ọwọ́ tí ó to ìlù "Ace" jọ, Yorùbá sì ni Shina fi kọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nítorí náà, ìdáhùn sí ìbéèrè tí a bi ní ìbẹ̀rẹ̀ lè wà nínú ohun tí àwo kan bí, kì í ṣe nínú èdè tí ó fi sọ̀rọ̀ nìkan.

Ọ̀rọ̀ ìpamọ́ ni ó dùn mí jù. Ilé-iṣẹ́ Strut ní Lọ́ńdọ̀nù ni ó kó orin BLO jọ ní 2001 tí ó tún un tẹ̀. Soundway, ti Ìlú Ọba bákan náà, ni ó gbé "Feso Jaiye" ti Jos jáde padà ní 2008. Ní 2016, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan, Now-Again, tẹ ìwé tí Uchenna Ikonne, ọmọ Nàìjíríà, kọ lórí ìtàn rọ́ọ̀kì ilẹ̀ wa, pẹ̀lú àwọn orin náà. Mo kí wọn fún iṣẹ́ náà. Ṣùgbọ́n ó túmọ̀ sí pé bí olùkọ́ ní Jos bá fẹ́ fi orin Jos kọ́ ọmọ Jos, ó lè jẹ́ Lọ́ńdọ̀nù ni yóò ti rà á. Àwọn tí iná jó ilé wọn nínú rògbòdìyàn 2001 àti 2008 níhìn-ín kò pàdánù òrùlé nìkan. Àpótí rẹ́kọ́ọ̀dù bàbá, giramafóònù, fọ́tò ìgbéyàwó, gbogbo rẹ̀ bá a lọ, kò sì sí ìjọba kankan tí ó ka ìyẹn mọ́ ohun tí ó ṣòfò.

Iṣẹ́ tí a lè bẹ̀rẹ̀ kò ná wa lówó púpọ̀. Gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ tí a ń rán lọ fún ìdánrawò ìkọ́ni ló ní fóònù tí ó lè gbohùn sílẹ̀. Kí wọ́n bi onílé tí wọ́n dé sí, àgbà ìjọ, àgbà mọ́ṣáláṣí, bàbá tí ó ń tún rédíò ṣe, pé orin wo ni wọ́n ń jó ní 1973, ta ni ó kọ ọ́, èdè wo ni, níbo ni wọ́n ti ń jó o. Kí wọ́n gba àyè lọ́wọ́ ẹni náà kí wọ́n tó gbohùn rẹ̀ sílẹ̀. Bí àwo bá ṣì wà, kí wọ́n ya fọ́tò páálí rẹ̀ ní ojú àti ní ẹ̀yìn, kí wọ́n sì da ọ̀rọ̀ tí ó wà lára rẹ̀ kọ gẹ́gẹ́ bí ó ti wà, kí wọ́n tó fi àmì ohùn tí ó yẹ sí i nínú ìlà kejì. Orúkọ bíi Monomono àti Feso Jaiye ni kí a fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ àmì ohùn náà ní ọdún kìíní. Ní ti ohùn àti fáwẹ̀lì, àyàn kan, olórin gìtá kan láti ẹ̀ka orin àti pẹ́dààlì kan tó fún wákàtí kan. Kí àyàn kọ́kọ́ lu gbólóhùn náà, kí onígìtá pe fáwẹ̀lì rẹ̀ tẹ̀lé e, kí akẹ́kọ̀ọ́ sì kọ ohun tí wọ́n rò pé wọ́n gbọ́ sílẹ̀ kí a tó sọ fún wọn.